Ọ̀rọ̀ Kéèkì Ọjọ́ Ìbí: A Kò Jà Á Níbi Tí Ìjà Wà

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun Ọba tí ó fi adùn sínú èso àti oyin, tí ó sì fún ẹ̀dá ní ahọ́n tí ó fi ń tọ́ ọ wò. Ìkẹ́ àti ìgẹ̀ Rẹ̀ kí ó máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lè jọ ọ̀rọ̀ ọmọdé lójú àwọn kan. Ọ̀rọ̀ kéèkì ni, èyí tí àwọn àgbà wa ń pè ní àkàrà òyìnbó. Láti Bajúláyé dé Ògùntólù ní Ṣómólú, láti Fọlá Àgórò dé Ìlàjẹ ní Bàrígà, àwọn ọmọbìnrin wa ti mú un ní iṣẹ́ ọwọ́. Wọn kò ní ṣọ́ọ̀bù, wọn kò gbé pátákó síta. Inú yàrá ìyá wọn ni wọ́n ti ń ṣe é. Bí ọjọ́ ìbí ọ̀rẹ́ wọn bá ku ọ̀la, wọn a po fúláwà, wọn a yan kéèkì, wọn a sì ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́. Èyí ni ó wá di ohun tí a ń torí rẹ̀ fi gbohùngbohùn bú wọn níbi wáàsí. A ti pè wọ́n ní aláfarawé Nàsárà. A ti pè wọ́n ní oníṣẹ́ àdádáálẹ̀. A tilẹ̀ ti lé òmíràn kúrò ní ilé-kéwú. Àwa sì sọ pé ẹni tí ó ń ṣe bẹ́ẹ̀ ti fi ọ̀tá sílẹ̀ sẹ́yìn ilé, ọmọ ara rẹ̀ ni ó ń lé kiri.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣì wá gbọ́. A kò sọ pé ayẹyẹ ọjọ́ ìbí jẹ́ sùnnà. Nínú ilé tiwa, a kì í ṣe é. Àwọn onímọ̀ tí wọ́n kọ̀ ọ́ ní ẹ̀rí lọ́wọ́, pàápàá hádíìsì tí Abu Dawud gbà wá nípa ẹni tí ó bá fara wé ìjọ kan. Àwọn onímọ̀ mìíràn wà tí wọ́n sọ pé àṣà ni, kì í ṣe ìjọsìn, àti pé bí kò bá ti sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú rẹ̀, a kò lè sọ pé èèwọ̀ ni. Àwọn tí wọ́n tilẹ̀ ń wá ẹ̀rí fún un a máa mú hádíìsì ààwẹ̀ ọjọ́ Àtìní wá, èyí tí Muslim gbà wá, níbi tí Ànábì wa ti jẹ́ kí ó yé àwọn tí wọ́n bi í léèrè pé ọjọ́ náà ni a bí òun. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ààwẹ̀ ni ó gbà ní ọjọ́ náà, kò pe ẹgbẹ́ jọ jẹun. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi hádíìsì yìí ti kéèkì lẹ́yìn, kí ó kọ́kọ́ gba ààwẹ̀ ná.

Ṣùgbọ́n ìdájọ́ ayẹyẹ ọ̀tọ̀, ìdájọ́ oúnjẹ ọ̀tọ̀, ìdájọ́ ọwọ́ tí ó ṣe oúnjẹ náà sì tún jẹ́ ọ̀tọ̀. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni àwọn oníwáàsí wa dà pọ̀ sínú ìkòkò kan ṣoṣo.

Wọ́n ní Nàsárà ni ó ni kéèkì. Búrẹ́dì ńkọ́? Nígbà tí Amos Shackleford, ọmọ ilẹ̀ Jàmáíkà, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ búrẹ́dì ní Èkó ní 1921, Nàsárà ni òun náà. Lónìí, búrẹ́dì ni a fi ń mu kókó ní sààrì nínú oṣù Ràmàdáánì, àáfà tí ń bú kéèkì pàápàá ń jẹ ẹ́. Ilé-ìwé ńkọ́? Àwọn kan nínú àwọn bàbá wa sọ nígbà kan pé ilé-ìwé òyìnbó, ti Nàsárà ni, kí ọmọ Mùsùlùmí má lọ. Bí kì í bá ṣe pé àwọn ọ̀dọ́ Mùsùlùmí Èkó dá ẹgbẹ́ Ansar-Ud-Deen sílẹ̀ ní 1923, tí wọ́n sì fi owó ara wọn kọ́ ilé-ìwé, bóyá àwa tí a ń kọ ìwé yìí ìbá má mọ ọwọ́ kọ lédè Yorùbá. Ṣèbí nígbà tí Sheikh Adam Abdullah al-Ilory gbé Máríkàsì rẹ̀ dé Agége ní 1955, tí ó fi àga àti pátákó ìkọ̀wé kọ́ àwọn ọmọ ní kéwú, àwọn kan bínú pé orí ẹní ni a ti ń kéwú. Ibo ni àwọn tí wọ́n bínú wà lónìí? Ọmọ wọn ni ó jókòó sórí àga.

Wọ́n tún ní ọmọ tí ó ṣe ọ̀ṣọ́ sí kéèkì ti ran ẹlẹ́ṣẹ̀ lọ́wọ́. Èyí ni ó dùn wá jù, nítorí Ṣómólú ni à ń gbé. Gbogbo Èkó ni ó mọ Ṣómólú fún iṣẹ́ ìtẹ̀wé. Ìwé ìpè ayẹyẹ, alimanáàkì tí ó ní àwòrán ọlọ́jọ́ ìbí, ìke àti abẹ̀bẹ̀ tí a fi ń ṣe àlejò lóore, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé Ṣómólú ni ọ̀pọ̀ wọn ti ń jáde. Àwọn Mùsùlùmí sì pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n ni ẹ̀rọ wọ̀nyí. Ta ni ó lé wọn kúrò ní mọ́sálásí rí? Sáfù àkọ́kọ́ ni wọ́n ń dúró sí. Àwọn ni wọ́n ń ra ẹní àti fáànù fún mọ́sálásí, a sì ń ṣàdúà fún wọn tìlùtìfọn. A kò sọ pé kí a lé wọn. Ohun tí a ń bèèrè ni pé bí bàbá tí ó tẹ ẹgbẹ̀rún kan ìwé ìpè ọjọ́ ìbí kò bá ṣẹ̀, kí ni ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún tí ó fa òdòdó mẹ́rin sórí kéèkì kan ṣe? Àbí nítorí pé kò ní owó fáànù ni?

A kò fi ọ̀rọ̀ yìí ṣe àlọ́. Ilé-kéwú kan tí a kò ní dárúkọ ní agbègbè wa lé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kan. Ó ti ka Àlùkùránì dé ìdajì, ó sì mọ ọwọ́ Lárúbáwá kọ ju àwọn ọkùnrin kíláàsì rẹ̀ lọ. Ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ni pé ó ṣe kéèkì ọjọ́ ìbí fún ọmọ Onígbàgbọ́ tí wọ́n jọ ń gbé ilé kan náà, ilé onírúurú yàrá tí ojú kọ ojú, tí kòrídọ̀ kan ṣoṣo là á já. Ní ọdún Iléyá, ìyá ọmọ náà a máa gba ẹran lọ́wọ́ ìyá tirẹ̀. Ní Kérésì, ìrẹsì a máa ti yàrá kejì wọlé. Inú ilé bẹ́ẹ̀ ni a bí àwọn méjèèjì sí. Wọ́n dá ọmọ dúró níwájú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, wọ́n ní kí ó lọ mú òǹtẹ̀ wá pé òun ti túúbá. Ọmọ kò padà mọ́. Àárọ̀ Sátidé àti Sọ́ńdè tí ó fi ń kéwú tẹ́lẹ̀, kéèkì ni ó fi ń ṣe báyìí. Ẹ wo irú ìyà tí a fi jẹ kéèkì! A gba àkókò Àlùkùránì, a fi ta kéèkì lọ́rẹ.

Ẹni tí kò bá tíì rí iṣẹ́ náà ni yóò pè é ní eré. Ìdajì kílò fúláwà, ìdajì kílò ṣúgà, ìdajì kílò bọ́tà, ẹyin bí mẹ́wàá. Ọmọ tí kò ní ẹ̀rọ yóò fi ṣíbí onígi po ṣúgà mọ́ bọ́tà títí apá rẹ̀ yóò fi kú. Bí kò bá ní ọ́fùn, yóò da iyanrìn sí ìsàlẹ̀ ìkòkò ńlá, yóò gbé e ka iná, yóò gbé páànù kéèkì lé orí iyanrìn náà, yóò sì dé e pa. Ọ̀ṣọ́ ni iṣẹ́ gan-an. Ṣúgà lẹ́búlẹ́bú tí a lù pọ̀ mọ́ bọ́tà ni yóò rọ sínú ọ̀rá, yóò fi irin kékeré tí ó ní eyín sí ẹnu ọ̀rá náà, yóò sì máa fún un jáde díẹ̀díẹ̀ bí òdòdó, bí ewé, bí okùn tí a hun. Ooru Èkó kò sì bá bọ́tà ṣọ̀rẹ́. Bí iná mànàmáná bá lọ tí fáànù dúró, òdòdó a bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́, ọmọ a gbé kéèkì sáré lọ sí ilé ẹni tí ó ní jẹnẹrétọ̀. Àwa tí a ti fi kálámù àti tàdáwà kọ́ ọmọ lọ́wọ́ láti ọdún pípẹ́ mọ ohun tí a ń wò. Ọwọ́ tí ó lè fa òdòdó láìgbọ̀n, òun ni ọwọ́ tí ó lè tẹ lẹ́tà kọ́rọ́ tí yóò gún.

Ọlọ́hun tí ó ga jùlọ bèèrè nínú Súrátùl A'ráàfù, ẹsẹ 32, nípa ẹni tí ó sọ ọ̀ṣọ́ àti ohun jíjẹ dáradára di èèwọ̀ fún àwọn ẹrúsìn Rẹ̀. Ó sì kìlọ̀ nínú Súrátùn Náhàlì, ẹsẹ 116, fún àwọn tí wọ́n ń fi ahọ́n lásán sọ pé èyí jẹ́ ẹ̀tọ́, èyí jẹ́ èèwọ̀. Àáfà tí ó bá ti ka ẹsẹ méjèèjì yìí, kí ẹ̀rù máa bà á lórí gbohùngbohùn.

Níbo wá ni ìjà wà? Inú kéèkì ni kí a kọ́kọ́ wò. Kéèkì èso tí a ń ṣe fún ìgbéyàwó, àwọn kan ń rẹ àjàrà gbígbẹ rẹ̀ sínú bíràńdì fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ kí wọ́n tó pò ó. Àwa Mùsùlùmí ń jẹ ẹ́ níbi nìkáà, a ń fi ọ̀rá di tiwa lọ sílé fún àwọn ọmọ. Ṣúgà pípò tí wọ́n ń tẹ́ bí aṣọ bo kéèkì, ó lè ní jẹ́látìn nínú, awọ àti egungun ẹran ni a sì ti ń rí jẹ́látìn. Ẹran wo? Ó lè jẹ́ màlúù, ó lè jẹ́ ẹlẹ́dẹ̀. Ọ̀rá funfun tí kì í tètè yọ́, tí àwọn ọmọ wa fi ń rọ́pò bọ́tà nítorí ooru, ti ewéko ni tàbí ti ẹran? Omi fànílà tí ó jẹ́ ojúlówó, ọtí ni wọ́n fi ń fà á jáde. Àwọn onímọ̀ ti sọ̀rọ̀ lórí bí ó ti kéré tó nínú oúnjẹ, a kò sì ní parí àríyànjiyàn wọn lójú ewé yìí. Ṣùgbọ́n ọmọ gbọ́dọ̀ lè ka ara ìgò kí ó tó mọ ohun tí yóò bèèrè. Ẹ mélòó nínú àwa olùkọ́ kéwú ni a ti gbé ìgò kan àti páálí kan wọ kíláàsì, tí a sì fi han àwọn ọmọbìnrin ibi tí wọn yóò wò? A kọ́ wọn ní orí ìwé nípa omi tí ó tó wẹ̀ àti omi tí kò tó wẹ̀, ó dára. A kò kọ́ wọn ní ohun tí ọwọ́ wọn ń pò lójoojúmọ́. Ẹni tí a kò kọ́ ni a wá ń nà.

Ibi kejì tí ìjà wà, ilé tiwa gan-an ni, kì í ṣe ilé Nàsárà. Àwọn òbí tí wọ́n ń bú kéèkì ọjọ́ ìbí, bí ọmọ wọn bá fẹ́ ṣe wòlímọ́tù, wọn a ní kí a ṣe kéèkì tí ó dà bí Àlùkùránì tí a ṣí sílẹ̀. Ẹ ti rí i, kí a má purọ́ fún ara wa. Ewé ọ̀tún, ewé òsì, etí rẹ̀ ní àwọ̀ wúrà, wọn a sì fi ṣúgà kọ Bísímílà tàbí ẹsẹ kan sí àárín rẹ̀. Nígbà tí ó bá yá, wọn a gbé ọ̀bẹ wá. Wọn a ní kí ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ìwé Ọlọ́hun gé ìwé Ọlọ́hun, kí gbogbo ènìyàn máa pàtẹ́wọ́, kí ayàwòrán máa yà á. Kò sí àáfà tí ó bínú. Àáfà tí ó jókòó sórí àga ọlá ń retí tirẹ̀ nínú páálí.

Ẹlòmíràn yóò ní, ṣé kì í ṣe àwa náà ni a ń kọ ẹsẹ sára wàláà tí a ń fọ̀ ọ́ mu? Ìdáhùn wà. Ẹni tí ó bá fọ wàláà, omi mímọ́ ni ó fi ń fọ̀ ọ́, inú igbá mímọ́ ni ó ń gbè é sí, ó ń mu hàntú náà tán pẹ̀lú àníyàn pé kí nǹkan kan má kán sílẹ̀. Bí ìkan bá kù, ibi tí ẹsẹ̀ kò ní tẹ̀ ni ó ń dà á sí. Kéèkì wòlímọ́tù ńkọ́? Bí àwọn àlejò bá lọ tán, ẹ lọ wo abẹ́ kánópì. Lẹ́tà Lárúbáwá wà lára ìwé-ìnuwọ́, ó wà nínú páálí tí a tẹ̀ mọ́lẹ̀, èèrà ń gbé e lọ. Bí òjò bá sì rọ̀ sí Bàrígà lóru, gọ́tà ni yóò gbé ìyókù dé ọ̀sà. Orúkọ tí a kì í fi wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni a fi ṣúgà kọ fún gọ́tà! Níhìn-ín ni kí gbohùngbohùn wa ti ké.

Àbẹ́là náà wà níbẹ̀. Iná lásán kọ́ ni ọ̀rọ̀ rẹ̀, bí kò ṣe ohun tí wọ́n ń ní kí ọmọ ṣe kí ó tó fẹ́ ẹ pa. Wọ́n ní kí ó di ojú, kí ó gbé ohun tí ó ń fẹ́ sọ́kàn, yóò rí i gbà. Lọ́wọ́ ta ni? Ọmọ tí ó ti mọ Fátíà mọ ẹni tí à ń tọrọ lọ́wọ́ Rẹ̀. Èyí kan ìgbàgbọ́, àwa kò sì rí i kí wọ́n mẹ́nu bà á tó bí wọ́n ti ń mẹ́nu ba fúláwà.

Ní ti ère ènìyàn àti ẹranko tí wọ́n ń fi ṣúgà mọ sórí kéèkì, kí àwọn ọmọ wa fi òdòdó àti ewé mọ, ọkàn yóò balẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Nínú ìwé àwọn onímọ̀ Màlíkì tí à ń tẹ̀ lé, wọ́n jiyàn lórí ère tí kì í pẹ́ bàjẹ́, irú èyí tí a fi èèpo bàrà gbẹ́. Ọ̀pọ̀ kọ̀ ọ́, Asbagh sì yọ̀ǹda rẹ̀. Ní ilẹ̀ Íjíbítì, láti ìgbà pípẹ́ ni wọ́n ti ń fi ṣúgà dà ère ìyàwó àti ti ẹlẹ́ṣin fún àwọn ọmọdé ní àsìkò Máolúdì. A kò mú èyí wá láti fi ṣe ẹ̀rí pé ó tọ́. A mú un wá kí ẹ̀yin tí ẹ rò pé Bàrígà ni ṣúgà ti kọ́kọ́ di ọ̀ràn lè sinmi ariwo díẹ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ owó, àwọn ọ̀dọ́ ni a sì ń bá wí níbẹ̀. Láti ìgbà tí owó ìrànwọ́ epo ti dópin tí náírà sì já wálẹ̀ ní 2023, fúláwà, ṣúgà, bọ́tà, ẹyin àti gáàsì ni ó fò sókè. Ẹ sì ń lọ bá ọ̀rẹ́ yín, ẹ ń sọ pé, “Ọ̀rẹ́ mi ni ẹ́ jàre, bá mi fi ọwọ́ kan án.” Owó fúláwà nìkan ni ẹ ń mú lọ. Gáàsì ìyá rẹ̀ ni ó jó. Páálí, pátákó ìgbékéèkì àti owó kẹ̀kẹ́ Márúwá, inú àpò rẹ̀ ni ó ti yọ wọ́n. Òru méjì ni kò sùn. Ẹ gbé kéèkì, ẹ ya àwòrán rẹ̀, ẹ dárúkọ gbogbo ẹni tí ó wá, ẹ kò dárúkọ ẹni tí ó ṣe é. Ànábì wa pa á láṣẹ, gẹ́gẹ́ bí Ibn Majah ti gbà á wá, pé kí a san owó òṣìṣẹ́ kí òógùn rẹ̀ tó gbẹ. Kò yọ ọ̀rẹ́ sílẹ̀. Bí ọmọ náà bá fẹ́ fi ta yín lọ́rẹ, òun ni kí ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ bẹ́ẹ̀, kí ẹ má ṣe bá a sọ ọ́.

Ọmọ oníkéèkì náà ní ẹ̀bi tirẹ̀. Kò dá iye, kò kọ nǹkan sílẹ̀, ojú ń tì í. Ẹsẹ tí ó gùn jùlọ nínú Àlùkùránì, ẹsẹ 282 nínú Súrátùl Bàkáráh, ọ̀rọ̀ kíkọ gbèsè sílẹ̀ ni ó dá lé. Ọmọ tí ó ti kọ́ ẹsẹ náà sórí, kí ni ó dé tí kò ní ìwé kan àti bírò lẹ́gbẹ̀ẹ́ páànù rẹ̀? Àwọn òbí tí wọ́n ń yáwó nítorí ayẹyẹ ọmọ ọdún kan tí kò mọ ọwọ́ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì, a kò ní àkókò fún wọn lónìí. Onígbèsè wọn yóò bá wọn sọ̀rọ̀.

Ẹ̀yin àáfà ẹlẹgbẹ́ wa, a mọ̀ pé àwọn kan nínú yín yóò ní àwa ti sọ ẹ̀sìn di jẹ́lẹ́ńkẹ́. Ẹ wá kí a jókòó. Ẹ mú ìwé yín wá, àwa náà yóò mú tiwa. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó wá, ẹ kọ́kọ́ ránṣẹ́ sí ọmọ tí a lé yìí, kí ó padà sí ààyè rẹ̀ ní kíláàsì. Ìdajì Àlùkùránì ṣì kù fún un láti kà.

Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ní wòlímọ́tù ní ọdún yìí, bí ẹ bá ti pinnu pé kéèkì yóò wà, ẹ lọ bá ọmọ bẹ́ẹ̀ ní àdúgbò yín. Ẹ bi í ní ohun tí yóò pò sí i, ẹ ní kí ó fi ìgò àti páálí hàn yín. Ẹ ní kí ó ṣe kéèkì roboto pẹ̀lú òdòdó, orúkọ ọmọ yín nìkan ni kí ó kọ sí i, kí ó má kọ orúkọ Ọlọ́hun, kí ó má ṣe é bí ìwé. Ẹ dá iye pẹ̀lú rẹ̀, kí ẹ sì san án kí ẹ tó gbé kéèkì kúrò lórí tábìlì rẹ̀.